Hítà alágáàsì inú balùwẹ̀ ní Kábbà: ẹ̀fọ́rí ń mú màmá mi lẹ́yìn ìwẹ̀

Tíṣà Kábbà béèrè:

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí láti Kábbà, nínú ilé tí bàbá wa tó ti di olóògbé kọ́, níbi tí màmá mi, ẹni ọdún 78, ń gbé pẹ̀lú èmi àti àwọn ọmọ mi méjì. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò mi tó wà ní Àbújá ra hítà alágáàsì kan ránṣẹ́ sí wa, nítorí pé iná mànàmáná kì í dúró pẹ́ tó kí hítà oníná mú omi gbóná, àti nítorí pé apá màmá kò ká àtigbé omi gbígbóná láti ilé ìdáná mọ́. Púlọ́ńbà kan ní àdúgbò ló bá wa gbé e kọ́ sára ògiri balùwẹ̀, ó gbé sílíńdà oníkílò 12.5 sí ìta lábẹ́ fèrèsé, ó sì lu ògiri kí họ́ọ̀sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Páìpù kan tó ń dán jáde ní orí hítà náà, ó sì wọ inú àjà lọ.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti rọlẹ̀, a kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tí òtútù tún dé, a tún tàn án. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀rá bo fèrèsé balùwẹ̀ náà, nítorí pé eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ìkòkò omi àti aṣọ ìnura mọ́, tí afẹ́fẹ́ tútù sì máa ń gbá màmá láyà bí ó bá ti bọ́ṣọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá ti jáde láti balùwẹ̀ tó sì di férémù ilẹ̀kùn mú, tó ń sọ pé orí ń fọ́ òun, pé ilé sì ń yí òun po. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. A tún ra oògùn ibà. Lánàá, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 11, pẹ́ ní balùwẹ̀ nítorí pé ó ń fọ irun, nígbà tó jáde, ó bì.

Mo yọjú wo ojú gíláàsì kékeré tó wà níwájú hítà náà nígbà tó ń jó. Ọwọ́ iná tó wà lápá òsì jẹ́ búlúù bí aró, ṣùgbọ́n ti apá ọ̀tún pupa rúsúrúsú bí iná fìtílà, ó sì ń fì. Púlọ́ńbà tó ṣe iṣẹ́ náà ti rìnrìn àjò, ó ní òun yóò dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé kí a máa lò ó lọ, pé hítà tuntun ni. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé hítà yìí ló ń ṣe wọ́n? Ṣé a lè máa lò ó kí ó tó dé? Bí a bá sì máa lò ó lọ́jọ́ iwájú, báwo ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbé e sọnù. Ẹ ṣàlàyé ìdí fún mi, nítorí pé èmi náà ni yóò ṣàlàyé fún àbúrò mi tó náwó lé e.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà dáhùn:

Tíṣà, ẹ kú àníyàn màmá. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hítà yẹn wẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ má sì dúró de púlọ́ńbà kí ẹ tó ti orí sílíńdà pa. Ẹ ya ọ̀rá yẹn kúrò lójú fèrèsé. Ẹ mú màmá àti ọmọ yín lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bí ara wọn bá ti yá báyìí, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba fún dókítà pé hítà alágáàsì wà nínú balùwẹ̀ tí wọ́n ń lò, nítorí pé bí ẹ kò bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó má wá sí i lọ́kàn rárá.

Nígbà tí gáàsì bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, ó máa ń pèsè afẹ́fẹ́ olóró kan tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn lójú bí èéfín igi ṣe ń ta wá lójú nídìí àrò. Òun kan náà ló ń pa àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ó máa ń di mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń di mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, nítorí náà ìwọ̀nba tí ènìyàn bá fà símú ti tó láti gba ibi tó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọpọlọ àti ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì, kí ẹsẹ̀ máa gbọ̀n: ibà ni gbogbo wa máa kọ́kọ́ pè é, pàápàá ní ẹkùn tiwa níbí. Ohun tí mo máa ń bi àwọn aláìsàn ni pé, ṣé ara yín gbóná? Ṣé ju ẹnì kan lọ ló ń ṣe nínú ilé? Ṣé ó máa ń fúyẹ́ bí ẹ bá ti jáde síta? Ẹ kò sọ pé ara màmá yín gbóná, irú rẹ̀ ti ṣe ọmọ yín náà, ẹ̀yìn ìwẹ̀ ló sì máa ń dé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn mọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nítorí pé ó ti tan àwa òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá jẹ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fi há aláìsàn lọ́mọ ìka láti wo ọ́síjìn rẹ̀ kò lè ya kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́síjìn. Ó lè kọ iye tó dára gan-an fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún fún oró. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ náà ní kò sí nǹkan, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣì fún un ní ọ́síjìn. Bí ènìyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó máa ń gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì oró náà tó kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìbòmú ọ́síjìn sí i, kò ní ju nǹkan bíi wákàtí kan tàbí ọ̀kan àbọ̀ lọ. Bí aboyún bá wà nínú ilé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù, nítorí pé ọmọ inú ló máa ń jìyà jù nínú irú èyí.

Ẹ tún jọ̀ọ́, láti òní lọ, kí màmá má ṣe ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láti inú. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú síbẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ẹ wọ́ ọ jáde lọ́gán, kí ẹ tó padà wá pa ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wọlé láti gba ẹlòmíràn là ló ṣubú tì í.

Àgbà Ẹ̀rọ Ìsánlú dáhùn:

Ẹ kú ọgbọ́n, Nọ́ọ̀sì. Tíṣà, iṣẹ́ títún hítà àti fíríìjì ṣe ni mo ṣe jẹun ní Kàdúná fún ọdún púpọ̀ kí n tó padà sílé ní Ìsánlú, nítorí náà apá tí ó kan ẹ̀rọ ni màá mú.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: níbo ni páìpù tó wọ inú àjà yẹn parí sí? Ẹ má ṣe bi púlọ́ńbà. Ẹ fi àkàbà gun òkè lójú ọ̀sán, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ojú ara yín rí ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kí ó yọ sí ìta pátápátá, kí ó kọjá páànù tàbí kí ó la ògiri jáde, kí ẹnu rẹ̀ sì ní ìbòrí kékeré tí afẹ́fẹ́ kò fi ní fẹ́ èéfín padà wọlé. Mo ti rí iṣẹ́ tó pọ̀ tó jẹ́ pé páìpù náà kàn wọ àjà tán ni, kí ojú má baà rí i. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, gbogbo ohun tó ń jáde láti orí hítà náà wà lórí ilé yín, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tíṣà ẹ ṣáà fẹ́ràn ìṣirò. Hítà kékeré tó ń mú lítà omi mẹ́fà gbóná ní ìṣẹ́jú kan máa ń jó gáàsì tó tó kílò kan dín díẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wẹ̀ ti jó nǹkan bíi gírámù 150, ìdí nìyẹn tí sílíńdà oníkílò 12.5 fi lè tó ìwẹ̀ bí 80. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún àpò. Ṣùgbọ́n kílò gáàsì kan kò lè jó tán láìgba afẹ́fẹ́ tó tó kúbíìkì mítà 12. Balùwẹ̀ tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tí òkè rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.4, kò gba ju kúbíìkì mítà 7 lé díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan ṣoṣo ti lo ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá náà, màmá yín náà sì ń mí nínú rẹ̀. Bí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ mìíràn a máa wọlé. Nígbà tí ẹ fi ọ̀rá bò ó, iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí afẹ́fẹ́ tó ti lò tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni oró ti ń wá. Òtútù ọyẹ́ ló ń mú wa nílò hítà, òun náà ló sì ń mú wa dí gbogbo ihò. Nítorí náà, oṣù tí a ń lò ó jù náà ni oṣù tí ó léwu jù.

Ní ti ọwọ́ iná, inú mi dùn pé ẹ wò ó dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pupa láti òsì dé ọ̀tún, màá ní kí ẹ wo lébẹ́lì ara hítà náà bóyá fún gáàsì inú sílíńdà ni wọ́n ṣe é, àbí fún gáàsì tí wọ́n ń fa sí ilé nínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Àwọn hítà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ ti gáàsì páìpù, ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú wọn sì tóbi jù fún gáàsì tiwa, tí agbára inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti gáàsì páìpù náà. Ẹni tó bá so irú rẹ̀ mọ́ sílíńdà ti ra wàhálà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí apá òsì búlúù, tí apá ọ̀tún sì pupa, nǹkan kan ló dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún. Ẹ̀rọ tó dúró láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kọkànlá láìtàn jẹ́ ilé ọ̀fẹ́ fún aláǹtakùn àti agbọ́n. Ẹ má ṣe tú u fúnra yín o.

Ará Ẹ̀gbẹ̀ dáhùn:

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n kí ló burú nínú kí a gbé omi kaná lórí àrò, kí a sì gbé e wọ balùwẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì? Bí a ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn ní ilẹ̀ Yàgbà, mi ò tíì gbọ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan pa ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí ọmọ Àbújá bá ti rí ni wọ́n ń rà ránṣẹ́ sílé.

Tíṣà Kábbà dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ọdún tó kọjá ni màmá fi omi gbígbóná jó ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìdí tí àbúrò mi fi ra hítà náà gan-an nìyẹn. Kí gbogbo yín lè mọ̀, a ti pa hítà náà láti alẹ́ àná, mo sì mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ yìí. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ọ́síjìn, wọ́n sì ní kí a padà wá lọ́la.

Ìyá Gáàsì Ìyàrà dáhùn:

Ọlọ́run yóò wo màmá sàn. Gáàsì ni mò ń tà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti sílíńdà, torí pé ohun tí ẹ kọ nípa họ́ọ̀sì tó la ògiri wọlé kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Họ́ọ̀sì rọ́bà kì í gba inú ògiri kọjá. Bulọ́ọ̀kù a máa jẹ ẹ́, eku ilé a sì máa jẹ ẹ́, ẹ kò sì ní rí ibi tó ti lu nítorí pé inú ihò ló wà. Páìpù bàbà ló yẹ kó la ògiri, kí ó sì wà nínú páìpù mìíràn tó fẹ̀ ju òun lọ, kí họ́ọ̀sì wà ní ìta nìkan, kí ó má sì gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára họ́ọ̀sì náà; bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, tàbí bí ẹ bá ká a tí ẹ sì rí i pé awọ rẹ̀ ń sán wẹ́wẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Oòrùn Kábbà kì í ṣàánú rọ́bà. Kílíìpù onískúrúù ni kí ẹ fi mú un ní orí méjèèjì, kì í ṣe okùn wáyà bí mo ti ń rí i níbi púpọ̀.

Ẹ béèrè irú rẹ́gúlétọ̀ tí púlọ́ńbà lò. Hítà ilé àti sítóòfù ilé máa ń lo rẹ́gúlétọ̀ kékeré tó ń mú gáàsì jáde ní nǹkan bíi mílíbà 28 sí 30. Èyí tó ní ọwọ́ tí a ń yí, tí àwọn tó ń dín búrẹ́dì àti àkàrà lójú títì máa ń lò, agbára tirẹ̀ ga jù. Bí ẹ bá so ó mọ́ hítà, iná yóò máa ta jáde ju bó ti yẹ lọ.

Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi kí ó hó, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn pa á mọ́ gbogbo oríkèé láti orí sílíńdà títí dé ìdí hítà, nígbà tí gáàsì wà ní ṣíṣí ṣùgbọ́n tí iná kò jó. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú bí itọ́ ọmọdé ni ó ti ń jò. Ẹnì kan wá sí ìsọ̀ mi rí tí irun ojú rẹ̀ ti jó tán, ìṣáná ló fi ń wá ibi tó ń jò. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì nínú ilé, ẹ má ṣe tan iná, ẹ má sì ṣe pa èyí tó wà ní títàn, ẹ má fọwọ́ kan fóònù. Ẹ ti orí sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde. Gáàsì wa wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ bí omi, inú gọ́tà àti inú ihò omi balùwẹ̀ ló sì máa ń fara pamọ́ sí. Nítorí náà, bí gọ́tà bá wà lábẹ́ fèrèsé yẹn, kì í ṣe ibẹ̀ ni sílíńdà máa dúró. Òòró ni kí ẹ gbé e sí, kò gbọdọ̀ sùn láéláé.

Tíṣà Kábbà dáhùn:

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ mẹ́fà ti kọjá, mo ní ìròyìn.

Mo gun inú àjà. Páìpù náà kò ga ju ọwọ́ kan lọ lórí pákó àjà, ibẹ̀ ló sì parí sí. Igi tó wà lókè ẹnu rẹ̀ ti dúdú ní àwòrán róbótó bí ìdí ìkòkò, ó sì tutù lọ́wọ́ mi, nítorí ooru omi tó ń gba ibẹ̀ jáde. Ihò kan wà ní igun àjà náà tó ń wo inú balùwẹ̀ tààrà, láti ibi tí wáyà gílóòbù ti gba wọlé. Mo jókòó lórí àkàbà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè sọ̀ kalẹ̀.

Mo pe oníṣẹ́ mìíràn láti Kábbà níbí, ẹni tó mọ iṣẹ́ hítà, ó sì tú u níwájú mi. Nínú àwọn ẹnu tí gáàsì àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé lábẹ́ ojú iná, mẹ́ta lápá ọ̀tún ni agbọ́n ti fi amọ̀ dí pa. Ó fi igi ìtayín fọ́ amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, òkú aláǹtakùn kéékèèké tí agbọ́n náà kó pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Àgbà Ẹ̀rọ, ẹ rí i láti Ìsánlú.

A ti gbé hítà náà kúrò nínú balùwẹ̀. Ó wà ní ara ògiri ìta lẹ́yìn ilé báyìí, lábẹ́ òrùlé tó yọ síta, páìpù omi gbígbóná nìkan ló wọlé. Sílíńdà wà nínú àgò irin, ó jìnnà sí gọ́tà. Màmá gbádùn. Ó kù kí ẹ sọ fún mi bí a ó ṣe máa lò ó àti bí a ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí má baà tún ṣẹlẹ̀.

Àgbà Ẹ̀rọ Ìsánlú dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibi tí ẹ gbé e sí yẹn dára jù lọ fún irú hítà bẹ́ẹ̀, bí kò bá ti sí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, nítorí pé èéfín tó bá jáde níta lè tún gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ ṣì nílò páìpù èéfín kúkúrú tó ní ìbòrí, kí òjò àti afẹ́fẹ́ má baà pa iná.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ṣí orí sílíńdà kí ẹ tó ṣí omi. Omi tó ń sáré nínú rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó tan, ẹ ó máa gbọ́ ta-ta-ta, lẹ́yìn náà iná yóò mú. Bí kò bá mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ti omi, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí gáàsì tó ti jáde fẹ́ lọ, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Àwọn tó ń ṣí, tó ń tì, tó ń ṣí, ni gáàsì máa ń kórajọ fún, tí yóò sì gbá wọn lójú nígbà tó bá mú. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì ńlá méjì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí bátìrì bá dára, ẹ wo tánkì omi: ìsàlẹ̀ tánkì gbọ́dọ̀ ga ju ṣáwà lọ ní nǹkan bíi mítà méjì tàbí mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi kò ní ní agbára láti tì í tàn. Asẹ́ kékeré wà ní ẹnu ibi tí omi tútù ti ń wọ inú rẹ̀. Yanrìn tánkì a máa dí i.

Nígbà tí ẹ bá ti omi, ẹ wo ojú gíláàsì. Iná gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń jó lọ lẹ́yìn tí omi ti dúró, rọ́bà inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí ó ti há, ẹ ti sílíńdà, ẹ má sì tún lò ó títí tí wọ́n óò fi tún un ṣe. Lẹ́yìn ìwẹ̀ ìkẹyìn lálẹ́, ẹ ti orí sílíńdà.

Ẹ ó rí bọ́tìnnì kan tí wọ́n ya oòrùn sí lápá kan, tí wọ́n sì ya yìnyín sí lápá kejì. Yìnyín kì í bọ́ ní Kábbà, ṣùgbọ́n ti ọyẹ́ nìyẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi inú tánkì ti gbóná fúnra rẹ̀, ẹ yí i sí ibi oòrùn, nítorí pé omi tó bá gbóná dé 60 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, awọ màmá yín sì ti fẹ́lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá bíi 45. Kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ kan omi kí màmá tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ pe oníṣẹ́ kí ó ṣí i. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú iná, kí ó wo inú páìpù èéfín, kí ó yẹ ara bàbà tí omi ń gbà wò bóyá dúdú èéfín ti lẹ̀ mọ́ ọn. Dúdú yẹn ni ẹ̀rí pé iná kò jó dáadáa. Bí omi kànga-dẹ̀rọ yín bá ń fi èèpá funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tù, ó ń fi í sílẹ̀ nínú hítà náà, fínígà ni oníṣẹ́ yóò fi fọ̀ ọ́ láti inú. Ẹ tún fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ẹnu páìpù èéfín, kí ihò rẹ̀ má kéré jù, kí èéfín lè ráyè jáde.

Bí àbúrò yín ní Àbújá bá tún fẹ́ náwó, ẹ ní kí ó ra ẹ̀rọ tó ń ké bí kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì bá wà nínú ilé, kí ẹ so ó mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi tí ẹ ń sùn. Kí ó má ṣe ra ti gáàsì sílíńdà dípò rẹ̀. Ìyẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítòsí ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e sí.

Tíṣà Kábbà dáhùn:

Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Púlọ́ńbà àkọ́kọ́ ti dé láti ìrìn àjò, mo mú un gun inú àjà, mo fi igi tó dúdú yẹn hàn án. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní ilé mẹ́ta mìíràn wà tí òun ti ṣe irú rẹ̀, pé òun ń lọ síbẹ̀ lọ́la. Mo ní èmi náà máa tẹ̀ lé e.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni màmá ní báyìí: páìpù omi gbígbóná ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, omi tútù ló sì ń kọ́kọ́ jáde kí èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tó dé. Ó ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan sábẹ́ ṣáwà, ó ń fi omi tútù ìbẹ̀rẹ̀ náà fọ abọ́.